Ipò Ìyá Nínú Ìsìn, àti Ọ̀rọ̀ Igbó Etí Odò Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ọjọ́ kìíní ìpàdé ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú wa)

  

Ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ìpàdé yìí ni ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ipò ìyá nínú ìsìn Ọlọ́run. Ohun tí ó fà á ni lẹ́tà tí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Lọ́ńdọ̀nù kọ sí ilé. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ọmọbìnrin wa tí a bí sí ọ̀hún ti ń ka ìwé tí ó wí pé Ọlọ́run ní ojú ìyá gẹ́gẹ́ bí ó ti ní ojú baba, pé àwọn mìíràn nínú wọn ti ń dárúkọ Ọ̀ṣun àti Yemọja nínú àdúrà wọn, wọ́n sì ń bi àwọn òbí wọn léèrè ohun tí àwọn àgbà ilé mọ̀ nípa ọ̀ràn náà. Àwọn òbí kò rí ìdáhùn fún wọn, ni wọ́n bá da ìbéèrè náà padà sí ilé. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi ní ìdí kejì tí mo fi gbà láti sọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀la ni ìpàdé yìí yóò pinnu lórí igbó etí odò wa, n ó sì dé ibẹ̀ kí n tó jókòó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fòyà. Onígbàgbọ́ ni mí, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni a ti sọ mí lórúkọ, inú rẹ̀ ni mo sì wà títí di òní. N kò wá yí ẹnì kan padà kúrò nínú ìsìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni mí pẹ̀lú, kò sì yẹ olùkọ́ kí ó fi ohun tí ó wà nínú ilé bàbá rẹ̀ pamọ́ fún ọmọ tí ó béèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú iṣẹ́ mi, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ èdè. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí ènìyàn bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan láì dárúkọ rẹ̀, ó di dandan kí ó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, nítorí ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ọ̀kan kò bá èkejì mu. Nínú èdè tiwa, “ó” ni fún ọkùnrin, “ó” ni fún obìnrin, “ó” ni fún odò, òun kan náà ni fún Olódùmarè. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa bá wí pé ó dá ọ̀run, ó dá ayé, kò sí ohun kan nínú gbólóhùn náà tí ó sọ fún wa pé irùngbọ̀n wà ní àgbọ̀n ẹni tí ó dá wọn. Nígbà tí a tẹ odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá ní ọdún 1884, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, “ó” náà ni wọ́n lò, wọn kò sì lè lo òmíràn. Nígbàkigbà tí mo bá ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi túmọ̀ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run ti máa ń di ọkùnrin. Kì í ṣe wòlíì ni ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, gírámà ni.

N kò wí pé kí a má ṣe pe Ọlọ́run ní Baba mọ́. Jésù Olúwa pè é bẹ́ẹ̀, ó sì kọ́ wa láti máa pè é bẹ́ẹ̀, èmi náà yóò sì máa pè é bẹ́ẹ̀ títí n ó fi kú. Ohun tí mo ń wí ni pé orúkọ kan kò gba gbogbo ohun tí Ọlọ́run jẹ́. Ẹ wo ohun tí a fi ń bẹ̀bẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Bí ọ̀ràn bá le tán, tí kò sí owó, tí kò sí ẹni tí ó lè gbani, kì í ṣe agbára baba ni Yorùbá máa ń fi bẹ ẹni tí ó mú un lọ́wọ́. Yóò ní, “Nítorí ìkúnlẹ̀ abiyamọ.” Ọba tí ó fẹ́ pa ènìyàn á gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, á sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kò ní ṣe àìmọ̀ pé àwọn àgbà wa rí ohun mímọ́ kan nínú ìrọbí obìnrin, ohun tí ó ju òfin lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú àwọn ìwé mímọ́ tí a gbà láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ ka Aísáyà orí 49 àti orí 66 nígbà tí ẹ bá délé, ẹ ó rí i pé wòlíì náà fi Ọlọ́run wé abiyamọ tí kò lè gbàgbé ọmọ ọmú, ó sì fi ìtùnú rẹ̀ wé ìtùnú ìyá. Ẹ ka Òwe orí 8, ẹ ó rí Ọgbọ́n tí a yà bí obìnrin tí ó wà pẹ̀lú Ọlọ́run kí ayé tó wà. Jésù fúnra rẹ̀ fi ara wé àgbébọ̀ adìẹ tí ó ń wá àwọn ọmọ rẹ̀ sí abẹ́ ìyẹ́. Àwọn tí ó gbọ́ èdè Hébérù wí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe àánú bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ilé ọmọ tan. Àwọn àáfà wa tí ó wà níhìn-ín yóò sì jẹ́rìí mi pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ní èdè Lárúbáwá: orúkọ Ọlọ́run méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo súrà Kùránì àyàfi ẹyọ kan, Ar-Rahmān àti Ar-Rahīm, gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ní pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a ń pe ilé ọmọ obìnrin. Súrà kọkàndínlógún sì ń jẹ́ orúkọ Màríámù ìyá Jésù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlú Norwich, obìnrin kan wà tí a mọ̀ sí Julian, ẹni tí ó rí ìran ní ọdún 1373, tí ó sì kọ ọ́ láì bẹ̀rù pé ìyá ni Jésù jẹ́ fún wa. Ìwé rẹ̀ ṣì wà títí di òní. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ohun tí àwọn ọmọ wa ń béèrè jẹ́ àṣà òde tí ó dé lánàá.

Ṣùgbọ́n ní ilé wa, ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí àfiwé. Àwọn babaláwo máa ń sọ ìtàn kan tí ó wà nínú Odù Ọ̀ṣẹ́túrá, mo sì fẹ́ kí a tẹ́tí sí i dáadáa. Nígbà tí Olódùmarè rán àwọn irúnmọlẹ̀ wá láti tún ayé ṣe, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Mẹ́rìndínlógún jẹ́ ọkùnrin, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin àárín wọn. Nígbà tí wọ́n dé ayé, àwọn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbìmọ̀ láàárín ara wọn. Wọ́n pín iṣẹ́, wọ́n yan ọjọ́, wọ́n la igbó fún ìpàdé ìkọ̀kọ̀. Kò sí ẹni tí ó ránṣẹ́ pe Ọ̀ṣun. Wọ́n ní obìnrin ni, kí ni ó fẹ́ bá wọn sọ. Ọ̀ṣun kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó jókòó sí àyè rẹ̀, ó mú òòyà, ó ń ya irun orí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tí wọ́n bá dáwọ́ lé ń bàjẹ́. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Àwọn aboyún kò bí, àgàn kò rí oyún, aláìsàn mu àgbo títí kò dìde. Wọ́n rú ẹbọ, ẹbọ kò fín. Nígbà tí ó sú wọn, wọ́n padà lọ sọ́dọ̀ Olódùmarè láti lọ ròyìn pé ayé tí ó rán àwọn sí kò ṣeé tún ṣe. Olódùmarè kò bínú, kò sì nà wọ́n. Ó kàn bi wọ́n pé ẹni kẹtàdínlógún wọn dà. Wọ́n ní àwọn kò pè é sí ìmọ̀ràn nítorí pé obìnrin ni. Ó ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Wọ́n padà, wọ́n wólẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Oyún wà nínú rẹ̀ ní ìgbà náà. Ó ní bí òun bá bí ọkùnrin, kí ọmọ náà máa bá wọn lọ ní ipò òun, ayé yóò sì tòrò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ obìnrin, kí wọ́n lọ wá ohun tí wọn yóò ṣe. Gbogbo àwọn mẹ́rìndínlógún ni ó fi àdúrà sìn oyún náà. Ọ̀ṣun bí ọkùnrin. Ọmọ náà ni Ọ̀ṣẹ́túrá, òun ni ó sì di ẹni tí ń gbé ẹbọ dé ibi tí ó yẹ kí ó dé.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi kan bi mí nígbà kan pé kí ló dé tí ọmọ náà fi ní láti jẹ́ ọkùnrin kí ayé tó gún. Mo gbà pé ìbéèrè náà mú. Ìdáhùn mi fún un ni pé kí ó tún wo ìtàn náà: àwọn ọkùnrin tí ó fi ẹnu ara wọn wí pé obìnrin kò ní ohun tí yóò sọ ni ó wá kúnlẹ̀ yí obìnrin ká, tí wọ́n ń gbàdúrà sí inú ikùn rẹ̀. N kò mọ ìwé ìsìn mìíràn tí ó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn olórí rẹ̀ lójú ara wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, bí mo ti ń múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, mo ka orúkọ àwọn tí ó wà nínú Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ ẹgbẹ́ wa. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, gbogbo wọn ni ó sì jẹ́ ọkùnrin. Mo tún un kà kí n má baà purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn ìyá wa ń san owó ìdàgbàsókè gẹ́gẹ́ bí a ti ń san án, àwọn ni wọ́n sì se oúnjẹ tí a ó jẹ bí mo bá parí ọ̀rọ̀.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Òṣogbo. Ìtàn wí pé Láròóyè àti ọdẹ kan tí ń jẹ́ Olútìmẹ́hìn kúrò ní Ìpolé pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọn nítorí omi, wọ́n sì dé etí odò Ọ̀ṣun. Bí wọ́n ti ń ṣán ilẹ̀, igi kan wó sínú odò, ohùn kan sì ké jáde láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ kíyè sí irú ìkòkò tí ó jẹ́. Kì í ṣe ìkòkò ogun, kì í ṣe ìkòkò oògùn. Ìkòkò aláró ni, ohun èlò obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá létí odò ti wà níbi iṣẹ́ kí wọ́n tó dé, àwọn ni àlejò. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé Òṣogbo di ìlú tí a mọ̀ fún aró títí di ìgbà tiwa.

Wọ́n tọrọ àforíjì, a sì bá ara wa dá májẹ̀mú. Ọ̀ṣun ní kí wọ́n ṣí kúrò létí omi, kí wọ́n sún sí òkè, kí wọ́n fi igbó náà sílẹ̀ fún òun, òun yóò sì máa ṣọ́ ìlú wọn. Nígbà tí ọba na ọwọ́, ẹja fò sí i lọ́wọ́. Inú “A-tẹ́wọ́-gba-ẹja” ni a ti rí Àtáọ́ja tí a ń pe ọba Òṣogbo títí di òní. Àwọn ará Òṣogbo sì gbà pé májẹ̀mú yẹn ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí ogun Ìlọrin dé ẹnu odi wọn ní nǹkan bí ọdún 1840. Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún náà. Ọmọdébìnrin tí kò tíì mọ ọkùnrin, Arugbá, ni ó máa ń ru igbá láti ààfin dé odò. Ọba wà níbẹ̀, àwọn ìjòyè wà níbẹ̀, àwọn gómìnà àti àwọn oyìnbó tí ó ru ẹ̀rọ ayàwòrán wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹnì kan lè parí bí ọmọdébìnrin náà kò bá tíì dé odò láì fi ẹsẹ̀ kọ.

Igbó yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Ní ìgbà tí ìjọba òyìnbó wà lórí oyè, wọ́n gbin igi tíìkì sí apá kan rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950 àwọn ènìyàn ń gé igi níbẹ̀, wọ́n ń dẹ ìgbẹ́, wọ́n ń pa ẹja, ojúbọ sì ń wó lọ, nítorí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ àwọn tí ń bọ Ọ̀ṣun ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé obìnrin òyìnbó kan, Susanne Wenger, tí a bí ní ìlú Graz ní ilẹ̀ Austria ní ọdún 1915, tí ó sì dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, ni ó dìde pẹ̀lú àwọn olórìṣà tí ó ṣẹ́kù àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bí Adébísí Àkànjí, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ bíríkìlà. Wọ́n tún ojúbọ kọ́, wọ́n mọ ère ńláńlá, wọ́n sì dúró níwájú àwọn tí ó fẹ́ gé igi. Àwọn Yorùbá sọ ọ́ ní Àdùnní Olórìṣà. Òṣogbo ni ó kú sí ní oṣù kìíní ọdún 2009. Ní ọdún 1965 ni ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ ka apá kan igbó náà sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2005 ni UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé. Hẹ́kítà 75 ni ó jẹ́. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé oko ọkùnrin alágbára kan lè tóbi jù ú lọ, síbẹ̀ ayé wá ń wò ó.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àdùnní, ṣùgbọ́n ìtìjú díẹ̀ wà nínú ìdúpẹ́ náà, nítorí pé àwọn tí ó ni ìyá ni ó ń ta aṣọ rẹ̀, tí àlejò wá ń rà á padà.

Àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun kò ta á. Wọn kò ní ilẹ̀, wọn kò ní odò Ọ̀ṣun, wọn kò ní ọba, síbẹ̀ wọ́n mú ìyá dání. Ní Brazil, níbi tí oko ẹrú kò ti tán títí di ọdún 1888, àwọn obìnrin ni olórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé òrìṣà ní ìlú Salvador, ìyálórìṣà sì ni wọ́n ń pè wọ́n bí a ti ń pè wọ́n níhìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, Mãe Stella de Oxóssi, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni a yàn sínú Ẹgbẹ́ Àwọn Akọ̀wé ìpínlẹ̀ Bahia ní ọdún 2013. Ó kú ní ọdún 2018. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdọọdún, àwọn apẹja Rio Vermelho ní ìlú náà máa ń gbé ẹ̀bùn lọ sójú òkun fún Yemọja, ẹni tí odò Ògùn jẹ́ tirẹ̀ ní ilé. Ní Cuba, wọ́n so Ọ̀ṣun mọ́ Màríà Wúńdíá ti El Cobre, ẹni tí Póòpù kéde ní ọdún 1916 gẹ́gẹ́ bí alábòójútó orílẹ̀-èdè náà, tí ọdún rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án. Àwọn kan ń rò pé ìtànjẹ ni àsopọ̀ yẹn. Lójú tèmi, ẹni tí ebi ìyá ń pa mọ ohùn ìyá nínú èdè èyíkéyìí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún àwọn ọmọbìnrin wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n má sì bínú sí mi. Nínú àwọn ìwé àti àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, Ọ̀ṣun ti di arẹwà tí ó wọ wúrà, tí ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Lóòótọ́ ni Ọ̀ṣun fẹ́ràn ẹwà, a mọ̀ ọ́n mọ́ idẹ àti òòyà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi àwọn ìyá tí ń sìn ín, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ ni omi àti ọmọ. Omi tútù ni ó fi ń wo àrùn. Wọ́n ń gbé ìkókó lọ wẹ̀ níbẹ̀, àgàn ń lọ tọrọ ọmọ níbẹ̀, ẹni tí ó rí ọmọ náà á padà wá jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ìsìn rẹ̀ kì í ṣe kí ènìyàn jókòó kí ó máa ro bí òun ti lẹ́wà tó. Iṣẹ́ ni, ó ní ọjọ́, ó ní èèwọ̀, ó ní àwọn tí a gbọ́dọ̀ bọ́. Kì í sì í ṣe ìyá tí inú rẹ̀ máa ń dùn nígbà gbogbo. Ní Kétu àti ní apá ibẹ̀ gbogbo, àwọn ọkùnrin ni ó máa ń gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lórí, tí wọ́n ń jó láti tu àwọn ìyá lójú, nítorí wọ́n mọ̀ pé agbára tí ó ń bí ènìyàn lè bínú sí ènìyàn. UNESCO gbé oríyìn fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 fún Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó ń jó fún àwọn ìyá lójú agbo, tí ó sì ń fi ẹ̀sùn àjẹ́ lé arúgbó kúrò nílé, ijó rẹ̀ kò dé ibì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ohun tí ó bà mí nínú jẹ́ jùlọ. A máa ń wí pé ìyá ni wúrà, baba ni dígí. Odò Ọ̀ṣun dìde láti ilẹ̀ Èkìtì, ó ń ṣàn gba àárín wa kọjá lọ sí ọ̀sà. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn awakùsà ti ya bo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti wa wúrà. Wọ́n ń gbẹ́ etí odò, wọ́n ń fi omi fọ erùpẹ̀ láti ṣa wúrà inú rẹ̀, ẹrẹ̀ á sì ṣàn padà sínú omi. Irú awakùsà bẹ́ẹ̀ tún máa ń lo mákúrì láti fi kó wúrà wẹ́wẹ́ jọ, májèlé sì ni mákúrì, inú ẹja ni ó ń gbà dé inú ènìyàn, aboyún àti ọmọ inú rẹ̀ ni ó sì ń bàjẹ́ jù. Omi Ọ̀ṣun tí a mọ̀ ní odò ìwòsàn di pupa bí ẹrẹ̀. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun kù sí dẹ̀dẹ̀ ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe mu omi náà. Ẹ rò ó wò. Obìnrin tí ó ti tọrọ ọmọ fún ọdún mẹ́wàá dé etí odò, a sì sọ fún un pé kí ó má mu ún. Nítorí wúrà ni a ṣe sọ ìyá di májèlé.

Ẹ má ṣe wí pé ọ̀ràn Òṣogbo ni, kò kàn wá. Gbogbo wa ni ó mọ̀ pé àbá kan wà níwájú ìpàdé yìí pé kí a ta igbó etí odò wa, kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i, kí a sì fi owó rẹ̀ parí gbọ̀ngàn ìlú. Àwọn tí ó gbé àbá náà wá kì í ṣe ọ̀tá ìlú. Gbọ̀ngàn náà ti wà láì ní òrùlé fún ọdún méje, òjò sì ti ń ba ògiri rẹ̀ jẹ́, ìtìjú ni fún gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn obìnrin wa léèrè ibi tí wọ́n ti ń pọnmi ní oṣù kejì, nígbà tí kànga bá gbẹ tán. Orísun tí ó wà lábẹ́ àwọn igi wọ̀nyẹn kò tíì gbẹ rí. Àwọn igi ni ó di etí odò mú, òjìji wọn ni kò jẹ́ kí oòrùn fa omi náà gbẹ. Èèwọ̀ tí àwọn àgbà gbé kalẹ̀, pé a kò gbọdọ̀ fi àdá kan igi níbẹ̀ nítorí Ìyá, ni ó ti ń fún wa lómi mu láti ayébáyé. Onígbàgbọ́ ń mu ún, mùsùlùmí ń fi í ṣe àlùwàlá, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ìsìn wọn kí ó tó ṣàn fún wọn.

Gbogbo ìpàdé tí a ti ṣe lórí àbá yìí, mo wà níbẹ̀. A pe agbẹjọ́rò, a pe awọnlẹ̀, a pe ẹni tí yóò ra ilẹ̀. A kò tíì pe ìyá arúgbó tí ń tọ́jú ojúbọ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò pe Ìyálóde tàbí àwọn tí ń pọnmi. Bí Olódùmarè bá bi wá pé ẹni kẹtàdínlógún dà, kí ni a ó sọ?

Ohun tí mo fẹ́ dá lábàá ní ọ̀la ni pé kí a yọ igbó náà àti àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà yí i ká kúrò nínú ilẹ̀ tí a ó tà, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìwé, kí Kábíyèsí sì fi ọwọ́ sí i. Ilẹ̀ tí ó wà lápá títì ńlá tó fún ṣọ́ọ̀bù bí a kò bá ṣe ojúkòkòrò. Kí a sì fi àyè mẹ́rin kún Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ fún àwọn obìnrin tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin fúnra wọn yóò yàn; kì í ṣe kí àwa yàn wọ́n fún wọn.

Ní ti ẹ̀ka wa ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí ni ìdáhùn tí mo rí fún ìbéèrè yín. Bí àwọn ọmọ yín bá fẹ́ mọ ojú Ìyá nínú ohun tí í ṣe ti Ọlọ́run, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tiwọn. Ẹnu àwọn obìnrin ni oríkì ìdílé wa wà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn sì ti ń lọ láì sí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ẹ fi fóònù pè wọ́n, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ bí wọ́n ti ń kì í ní òwúrọ̀. Bí wọ́n bá wá sí ilé ní oṣù kẹjọ, ẹ mú wọn dé Òṣogbo, kí wọ́n tún dé etí odò tiwa, kí wọ́n bá wa ru omi. Kí wọ́n máa gbàdúrà nínú ìsìn tí wọ́n bá wà. Mo ti kọ gbogbo èyí sínú lẹ́tà, Akọ̀wé yóò fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé ìròyìn yìí.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọ̀la ni a ó jókòó lórí àbá náà. Mo ti fi orúkọ mi sílẹ̀ pé n ó dìde láti ta kò ó. Ìyá tí ń tọ́jú ojúbọ ti ṣèlérí fún mi pé òun yóò wá bá wa sọ̀rọ̀ bí a bá rí ẹni gbé òun gun òkè wá, nítorí ẹsẹ̀ ń dùn ún. Mo ń wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní ọkọ̀, kí ó wá rí mi lẹ́yìn oúnjẹ.